Kí O Tó Fi Tanímọ̀la Sí Mi Lọ́wọ́

Dagenham,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ṣadé, Àdùkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Láti Heathway níbí dé ilé tuntun rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mayesbrook Park kò jìnnà, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, èmi náà á bá ọ rẹ́rìn-ín, a ó sì gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí mo ti ṣàkíyèsí ara mi pé irọ́ máa ń rọ̀ mí lọ́rùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kà á jẹ́jẹ́, bí a ṣe máa ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí o wà ní kékeré.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, o pè mí pé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ẹranko máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún Tanímọ̀la, ajá rẹ, pé wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ rẹ̀. O ní iṣẹ́ olùkọ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, ojú ń tì ọ́ láti tọrọ àyè. O wá ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá jókòó tì í lọ́jọ́ Ẹtì àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́jú Rúùbì, ajá Jíìn."

Mo ní màá wá. Inú mi dùn débi pé mo kun bàtà mi ní ìrọ̀lẹ́ náà, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, gbólóhùn rẹ kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Àdùkẹ́, n kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ara Rúùbì ni mo ti kọ́ ọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Kí o tó fi ajá rẹ sí mi lọ́wọ́, ó yẹ kí o gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀ ná. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a ní abo ajá kan tí bàbá mi sọ ní Sùúrù. Ó bímọ títí a kò fi ka iye rẹ̀ mọ́. Lọ́dún kan, ó tó oṣù kan tó ti wá akọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Kò jẹun mọ́, ikùn rẹ̀ wú, ohun kan tó ń rùn sì ń dà lára rẹ̀. Gbogbo ilé ní oyún ni. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo rí i pé ojú rẹ̀ kò dára, mo sì mọ ilé ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn lójú ọ̀nà oko. Mo ní màá lọ pè é lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ní ọ̀tunla, a bá Sùúrù lẹ́yìn àgbá omi, ó ti kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni dókítà ẹranko kan ní Barking níbí ṣàlàyé fún mi pé ọyún ló kún ilé ọmọ rẹ̀, pé ó máa ń ṣe abo ajá tí a kò bá yọ ilé ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí ẹ fẹ́ ṣe fún Tanímọ̀la yìí gan-an ni kì bá ti jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní sọ́ọ̀sì bá sọ fún ọ pé ìkà ni, pé o fẹ́ sọ ajá di àgàn, dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ilé ọmọ tí kò sí níbẹ̀ kò lè kún fún ọyún. Bí ó bá ṣì ń bá ọ jiyàn, ní kó wá bá mi.

Èyí ni ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: ohun tó bá yẹ kí a ṣe fún ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀, má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. O ti ṣe dáadáa tí o tètè dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún dókítà ìgbà tí Tanímọ̀la wá akọ kẹ́yìn. Bí ajá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá akọ, ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kan Rúùbì wàyí.

O mọ Jíìn, aládùúgbò wa, tó máa ń na bisikíìtì sí ọ lórí ògiri nígbà tí o ń ti ilé ìwé bọ̀. Ọdún tí o wọ yunifásítì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. O ti lọ sí Leeds, ìyá rẹ sì lọ sí Nàìjíríà láti sin màmá rẹ̀, ó ku èmi nìkan nínú ilé. Jíìn wá yọ̀ ṣubú nínú ọgbà rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ dá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ Rúùbì, ajá rẹ̀, ti wà nílẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Sámì, ìwọ nìkan ni Rúùbì kì í gbó ní gbogbo àdúgbò yìí. Bá mi mú un lọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó fún mi ní bébà kan tí ilé ìwòsàn ẹranko kọ gbogbo ìlànà sí. Mo ká a sí àpò kóòtù mi. N kò kà á. Ta ló ń ka bébà lórí ajá? Ṣebí ilé tó ní ajá ni wọ́n ti bí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àánú Rúùbì ṣe mí. Mo ní n kò lè jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi abẹ gé jáde nílé mi pẹ̀lú ebi. Mo dín ẹyin méjì, mo ṣa egungun kúrò lára ẹja, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn náà ní Barking, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan béèrè pé, "Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

Mo yan, mo ní, "Láàárọ̀ yìí. Ó jẹ ẹ́ dáadáa."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, a kò lè ṣe é lónìí o."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Bí wọ́n bá fún ajá ní oògùn oorun nígbà tí oúnjẹ wà ní ikùn rẹ̀, ó lè bì, èébì náà sì lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó lè kú lórí tábìlì. Wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Jíìn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì wá bẹ̀ ẹ́ kó má mi ìbàdí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹyin méjì, Sámì? Kò tíì sí ẹni tó dín ẹyin fún èmi láàárọ̀ rí."

Nítorí náà, Àdùkẹ́, ka bébà tí wọ́n bá fún ọ. Kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Aago tí wọ́n bá ní kí oúnjẹ dá ni kó dá, ìbáà jẹ́ pé Tanímọ̀la ń wò ọ́ bí ọmọ òrukàn. Béèrè títí di ìgbà wo ló lè mu omi, torí wọn kì í sábà dá omi dúró tó bẹ́ẹ̀. Wẹ̀ ẹ́ ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi kò gbọdọ̀ kan ojú rírán títí yóò fi jinná. Mú un jáde kó tọ̀ kí ẹ tó lọ. Kí o sì tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó ti mọ́ ọn lára, nítorí kò ní lè fò gun àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àga náà á sinmi.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo pa òfin oúnjẹ mọ́, wọ́n ṣe é, ó yọrí sí rere. Mo lọ gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ nígbà tí o bá rí Tanímọ̀la ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, á máa sunkún wẹ́wẹ́, ara rẹ̀ á tutù. Fi aṣọ bò ó, jẹ́ kí ilé dákẹ́, fún un ní oúnjẹ díẹ̀ tó rọ̀. Mo se ìrẹsì fún Rúùbì pẹ̀lú ẹran adìẹ tí kò ní ata, kò ní iyọ̀, kò sì ní àlùbọ́sà rárá. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ rẹ kì í wà láìsí i, nítorí náà má ṣe bu ọbẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa, jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Rúùbì ń kérora, mo sì ní oògùn ara ríro tí èmi ń lò fún orúnkún mi. Mo ti mú hóró kan dání. Mo wá rántí ẹyin méjì. Mo tẹ ilé ìwòsàn náà láago, nọ́ọ̀sì yẹn ló gbé e, ó ní, "Ẹ má dán an wò. Ó lè pa á." Oògùn tí dókítà fún un ti wà lórí tábìlì, mo ti gbàgbé láti fún un ní ti òwúrọ̀ ni. Oògùn ènìyàn kò gbọdọ̀ kan ẹnu ajá láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ibi tí mo fẹ́ bọ̀ nìyí. Ọjọ́ kẹta ni.

Wọ́n fi ike kan sí ajá lọ́rùn tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, kí ẹnu rẹ̀ má baà dé ibi tí wọ́n ti gé e. Rúùbì kórìíra rẹ̀. Ó ń fi kọ lu ilẹ̀kùn, ó ń fi kọ lu ẹsẹ̀ tábìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wá dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n gbá létí láìṣẹ̀. Mo fẹ́ lọ ra iṣu ní Heathway. Mo ní, kí ni ogún ìṣẹ́jú? Mo tú ike náà. Mo sọ fún un pé, "Sinmi díẹ̀. Má fi ẹnu kan ohunkóhun o." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ajá dá májẹ̀mú, tí mo sì jáde.

Mo pàdé ẹnìkan láti sọ́ọ̀sì lọ́nà, ó béèrè ìsìnkú màmá ìyá rẹ, mo dúró ṣàlàyé. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti tó wákàtí kan. Mo ṣílẹ̀kùn, Rúùbì kò wá pàdé mi. Ó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti fi eyín fa òwú ojú rírán rẹ̀ já, ibẹ̀ yà, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Ó gbé orí sókè, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan. Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Sùtánà mi, tí mo ti lọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi, ló wà nítòsí. Òun ni mo fà, mo fi di ikùn rẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà, mo sáré dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Awakọ̀ wo aṣọ funfun tí ẹ̀jẹ̀ ti rin, ó béèrè pé, "Ṣé ọmọ ni?"

Mo ní, "Ajá ni."

Ó ní, "Ẹ jókòó sẹ́yìn mi níbí." Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn. Títí a fi dé Barking, mò ń gbàdúrà lórí ajá tí mo so mọ́ inú aṣọ àdúrà, n kò sì ronú pé ẹnikẹ́ni ń wò mí.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó béèrè pé, "Ike ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló bọ́ ọ?"

Ṣadé, bàbá rẹ, alàgbà nínú ìjọ, la ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ó bọ́ fúnra rẹ̀ ni."

Wọ́n tún un rán. Dókítà ní bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfun rẹ̀ ni à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé ike ọrùn náà bọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó kéré jù nìyẹn, wọ́n fi èyí tó tóbi sí i, wọ́n sì so ó le. Mo gbé Rúùbì lọ sílé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ kẹrin, kò mu omi. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Mo rò pé àìsàn tún dé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wo ẹnu rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí i: etí ike ńlá yẹn ń kan ilẹ̀ kí ahọ́n rẹ̀ tó dé omi. Gbogbo òwúrọ̀ ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó kún. Irọ́ tèmi ni mo pa, òun ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Mo fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu, mo tún gbé e padà sí Barking. Mo dúró níwájú nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Èmi ni mo tú u. Kò bọ́ fúnra rẹ̀. Mo purọ́ fún ọ lánàá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ike ńlá náà. Ó ní, "Ojoojúmọ́ la máa ń rí àwọn tó tú u, Ọ̀gá. Ẹni tó padà wá sọ ló ṣọ̀wọ́n." Ó fi èyí tó tó ti tẹ́lẹ̀ sí i lọ́rùn, ó kọ́ mi pé kí n gbé abọ́ omi lé orí àpótí kékeré kí ẹnu lè bá a, ó sì sọ pé ẹ̀wù kan wà fún àwọn ajá tí kò bá lè gba ike náà mọ́ra. Bá mi béèrè ẹ̀wù yẹn fún Tanímọ̀la. Ó dà bí fánílà ọmọ jòjòló, ó ń bo gbogbo ikùn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti kọjá sí ọsibítù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Jíìn, n kò fo ibì kankan. Mò ń retí kó ní kí n gbé ajá òun fún ẹlòmíràn. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó ti mu omi?"

Mo ní, "Abọ́ méjì."

Ó ní, "Ó dáa. Lọ sílé lọ jókòó tì í."

N kò tíì gbàgbé ìdáhùn yẹn. O wà nídìí iṣẹ́ tuntun, o máa ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ṣàtúnṣe ohun tó bàjẹ́ kíákíá, kí o sì sọ òtítọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àwọn tó fẹ́ bá ọ tún un ṣe máa fi irọ́ tí o pa ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò pé ọjọ́ méjì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òùngbẹ pa ajá. Bí ọmọ ilé ìwé rẹ bá sì wá jẹ́wọ́ fún ọ lọ́jọ́ kan, ṣe é bí Jíìn.

Ìmọ̀ràn mélòó ni mo ti kọ báyìí? N kò ka iye rẹ̀ mọ́. Ìyókù rèé. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí a máa wo ojú abẹ náà. Pupa díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wú sí i, tó ń rùn, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tàbí tí kò jẹun lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní, ká pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Okùn ni kó máa wà lọ́rùn rẹ̀ bó bá ń jáde, ìrìn kúkúrú ni, kò gbọdọ̀ sáré nínú Mayesbrook Park títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ara rẹ̀ á ti yá kí inú ikùn rẹ̀ tó jinná, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀, nítorí wọ́n máa ń sanra. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wa, yọjú wo Rúùbì lórí ògiri Jíìn. Ó ti dàgbà, ó ti tóbi bí àga, ó sì ń gbó gbogbo ayé àfi èmi.

Wàyí o, o ti mọ irú ẹni tí o ní kó wá ṣọ́ ajá rẹ. Bí ọkàn rẹ bá yí padà, n kò ní bínú. Bí kò bá yí padà, màá dé láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì kí o tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Kí ọwọ́ dókítà má gbọ̀n. Kí Tanímọ̀la jí dáadáa lójú oorun. Kí iṣẹ́ rẹ má fi ọ́ ṣe ẹrú, kí àwọn ọmọ tí o ń kọ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Ó ku èyí tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ kí n tó dì í, nítorí n kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún un rí. Ó ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè títí mo fi kà á tán. Ó wá ní, "Bàbá Ṣadé, mo ti mọ̀. Jíìn sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí mo dé láti Nàìjíríà. Mò ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ láti ọdún yẹn wá. Ó ní ẹ̀wà kò ní bó ara rẹ̀, kí n wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó tì í, ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé òun náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní, "Ẹ̀yin á máa ṣọ́ ajá. Èmi á máa ṣọ́ yín."